Ọ̀pá Kọ́pà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàréè Bàbá Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí òjò bá ti ṣú lórí òkè Màpó, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni bàbá wa máa ń gbé àga rẹ̀ lọ. Àwa ọmọ á ti sá wọ yàrá ìyá wa, a ó ti sún mọ́ra wa lórí ẹní kan, ìyá wa á sì ti fa aṣọ bo dígí ara ògiri, nítorí wọ́n ní àrá kì í fẹ́ kí ohunkóhun máa dán lójú òun. Ẹnìkan á ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀ pé, "Ẹ pa iná o!" Gbogbo agbo ilé á ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Bàbá wa nìkan ni kì í wá sọ́dọ̀ wa. Á jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ òjò wọlé, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, omi á máa ta sí i lẹ́sẹ̀.

Bí ìyá wa bá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sún wọlé," ohun kan náà ni yóò fi dá a lóhùn.

"Bó bá máa wọlé, kó kọ́kọ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà ná."

N kò mọ bí ẹlẹ́ran ara ṣe lè dá àrá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a máa ń sùn. Bí òjò náà ti wù kó le tó, bí a bá ti rí ẹ̀yìn bàbá wa lẹ́nu ọ̀nà yẹn, oorun á gbé wa lọ.

Bàbá wa ti kú, ó ti pẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni a sin ín sí, bí wọ́n ti sin bàbá tirẹ̀ náà, nítorí pé ní àwọn agbo ilé Bẹyẹrúnkà, òkú kì í jìnnà sí alààyè. Bí o bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, sàréè rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Òkúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ìyá wa máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ, kò ṣe àlùwàlá níbòmíì mọ́ bí ó bá wà nílé. Á gbé búútà rẹ̀ jáde, á kí bàbá wa ní sàlámà, á wá máa fọ ọwọ́, fọ ojú, fọ ẹsẹ̀. Omi tó bá ṣàn kúrò lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sàréè ló ń wọlẹ̀ sí. Gbogbo ilẹ̀ agbo ilé wa ló le koko, àpáta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi ibẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ máa ń tutù, koríko ibẹ̀ sì máa ń dúdú minimini nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti pa gbogbo koríko yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná. N óò padà síbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ń gbé lókè òkun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan báyìí tí àwọn dókítà sọ fún un pé ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ kì í pa dé dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú máa ń padà sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àwọn yóò sì tún ilẹ̀kùn náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á. Kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé. Eékún ìyá wa kò sì jẹ́ kó gun òkè Bẹẹrẹ, ká má tíì sọ ti òkè òkun.

Ilé wa wà ní kọ̀tò. Òkè ti bò wá mọ́lẹ̀, fóònù kì í dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó wà lọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ gun òkè lọ sí ẹ̀bá títì. Ìdí nìyẹn tí a fi pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó wá bá wa gbé òpó irin sórí páánù, kó fi àwo kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì sí i lórí. Ó fa wáyà kan láti ibẹ̀ wọ yàrá ìyá wa, sínú àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ráútà. Ó fa òmíràn láti inú ráútà yẹn gba ojú ọ̀run kọjá àgbàlá lọ sí ilé àbúrò bàbá wa, nítorí bàbá kékeré ní bí òun kò bá rí bọ́ọ̀lù wò, kí wọ́n má gbé òpó kankan sórí ilé ẹ̀gbọ́n òun.

Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá kan fún ìyá wa, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, á jókòó síwájú rẹ̀, ojú ọmọ rẹ̀ á yọ, wọn á sì jọ jókòó. Nígbà míì wọn kì í sọ̀rọ̀. Àbúrò mi á máa gé ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀, ìyá wa á máa ṣa ẹ̀wà ní tirẹ̀. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Òjé dé, mo máa ń rò pé àlejò wà nílé.

Ìyá wa kò béèrè ju ohun kan lọ. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó sì sọ ọ́ fún ọkọ àbúrò mi.

"Ọmọ mi kò ní wọ ibi tí wọ́n á ti fi abẹ kan ọkàn rẹ̀ láì kọ́kọ́ rí ojú mi."

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló dé bá wa. Ẹ mọ òjò àkọ́rọ̀ Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ìjì ló ń ṣáájú, tí eruku á gbá páánù, tí ọ̀run á pọ́n bí epo. Wọ́n ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ké láti ayébáyé: "Ẹ pa iná o!" Gbogbo wa sáré. Ẹni tó ń pa súwíìsì ń pa á, ẹni tó ń yọ púlọ́ọ̀gì ń yọ ọ́. Mo fa okùn iná ráútà yọ lára ògiri fúnra mi. Ìyá wa fi ìró bo dígí. Lẹ́yìn náà ó wo ráútà, ó wo iná kéékèèké ara rẹ̀ tó ti kú, ó bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi bo òun náà.

Àṣìṣe wa nìyẹn, gbogbo wa la sì jọ ṣe é. Ojú wáyà iná nìkan la gbà pé àrá máa ń gbà wọlé, nítorí pé ayé rédíò la ti kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ronú kan wáyà tó ti orí páánù wọlé. Ó wà nínú ráútà gbọnin. Èyí tó kọjá àgbàlá náà wà níbẹ̀, ó nà tàntàn lójú ọ̀run bí okùn ìsáṣọ.

Àrá náà kò tilẹ̀ bọ́ sílé wa. Igi àgbọn ẹ̀yìn ilé kejì ló là. Ṣùgbọ́n bí ó ti là á, nǹkan kan dún nínú yàrá ìyá wa, "pà!", bí ẹni lu ẹni létí. Nígbà tí mo wọlé, èéfín ń yọ lábẹ́ ìborùn náà. Mo ká a kúrò. Ráútà ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ihò tí wáyà wọ̀ ti yọ́. Lódìkejì àgbàlá, bàbá kékeré ń kígbe pé tẹlifíṣọ̀n òun ti kú.

Ìyá wa mú ìborùn rẹ̀, ó wo ibi tí iná ti lu, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní ìdílé tí ìyá wa ti wá, lápá Ìsàlẹ̀ Òsì, wọn kì í ráhùn lórí ohun tí àrá bá bà jẹ́. Wọ́n ti di mùsùlùmí láti ìran bàbá bàbá rẹ̀, síbẹ̀ èyí kò kúrò lára wọn. Ẹni tí àrá bá mú ohun rẹ̀ kò gbọdọ̀ ké, kò gbọdọ̀ ní ó dun òun. Nítorí náà ìyá wa kò ké. Ó kírun Aláásárì, ó jókòó síwájú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ṣú dùdù, ó sì ṣa ẹ̀wà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kejì ni mo gun òkè lọ sí Bẹẹrẹ, mo pe àbúrò mi láàárín ariwo ọkọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló dé? Mo pè, mo pè."

Mo ròyìn fún un.

"Wọ́n ti dá ọjọ́ o," ló wí. "Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí?"

"Ẹ má sọ fún Màmá pé ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ la àyà rẹ̀ tí kì í bẹ̀rù? Ẹ sáà jẹ́ kí n rí Màmá. Bí mo bá rí wọn, n óò lè wọlé."

Nígbà tí mo délé, mo dábàá fún ìyá wa pé kí n fi takisí gbé e lọ sí Bẹẹrẹ ní Jímọ̀, kó lo fóònù mi níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ aláìgbọ́n.

"Ẹ̀bá títì? Láàárín àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà? Ibẹ̀ ni kí n ti máa wúre fún ọmọ mi? Fóònù rẹ tó rí bí ègé ọṣẹ yẹn, ojú rẹ̀ wo ni mo máa rí níbẹ̀? Ọkọ mi, tún ilé yìí ṣe."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé òpó náà ti jápa, òun náà ti wà ní ìlú òyìnbó. Ẹnìkan ní Òjé júwe oníwáyà mìíràn fún mi, ó ní Òkè Bọ́lá ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í bà jẹ́. Obìnrin ni. Ó wọ ṣòkòtò, ó so irinṣẹ́ mọ́ ìdí, ó gbé àkàbà lé èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ọkọ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀, Màmá."

"Ìwọ gan-an lo máa gun páánù mi?"

"Èmi ni. Bí mo bá jábọ́, ẹ bá mi tọ́jú àkàbà mi. Àyálò ni."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò yẹn. Obìnrin náà gòkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tọ ipa wáyà láti òpó dé yàrá, láti yàrá dé ilé bàbá kékeré, ó ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún mi, "ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú gbọnin, ẹ wá ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ fún olè. Irin wà lórí ilé yín, òun ló ga jù ládùúgbò, kò sì sí ohunkóhun tó so ó mọ́ ilẹ̀. Bí iná ọ̀run bá bà lé e, tàbí tó bà lé ẹ̀gbẹ́ ibí lásán, ọ̀nà wo ló máa gbà wọlẹ̀? Inú yàrá Màmá ni. Èyí tó gba ojú ọ̀run kọjá àgbàlá yìí tilẹ̀ burú jù, ńṣe ló ń ṣa iná jọ bí àwọ̀n ṣe ń kó ẹja."

"Mo fi aṣọ bò ó," ni ìyá wa wí.

"Mo rí aṣọ náà, Màmá. Ó jó."

"Ṣé kí n má bo dígí mọ́ nìyẹn?"

"Ẹ máa bò ó. Kò sí wáyà lára dígí, aṣọ kò ṣe é ní nǹkan kan."

Ó wá ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Ó máa fi wáyà tó nípọn so òpó náà, ó máa gba ẹ̀yìn ògiri gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò ní jẹ́ kó wọ inú ilé rárá. Ó máa so ó mọ́ ọ̀pá kọ́pà gígùn kan tó máa rì mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ó máa so ẹ́ẹ̀tì iná ilé mọ́ ọn, kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ibi tí wáyà ráútà bá ti fẹ́ wọlé, ó máa fi nǹkan kékeré kan sí i tí yóò máa ti iná tó bá pọ̀ jù padà sínú ilẹ̀. Wáyà ojú àgbàlá yóò bọ́ sínú páìpù, yóò gba abẹ́ ilẹ̀.

"Èédú àti iyọ̀ la máa fi yí ọ̀pá náà ká nínú ihò," ló fi kún un.

Bàbá kékeré, tó ti wá dúró láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Iyọ̀ àti èédú! Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Ètùtù ni wọ́n fẹ́ ṣe sínú ilé wa."

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ilẹ̀ ló ṣòro," ni oníwáyà wí. "Ọ̀pá yìí ń fẹ́ ilẹ̀ tó jìn, tó sì tutù. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná."

Ó gbẹ́ iwájú ilé, àpáta. Ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá kékeré, irin dún lára òkúta, "kànǹ". Ó yí ilé ká, ó dé ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ koríko dúdú minimini yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá náà wọlé bí ẹni ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ.

"Ibí yìí ni," ló wí. "Ta ló ń bu omi síbí?"

Ìyá wa dìde lórí àga rẹ̀.

"Yọ nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀."

"Màmá..."

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Obìnrin náà yọ ọ́. Nígbà náà ló tó wá wo sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ máà bínú, Màmá. N kò mọ̀."

Bàbá kékeré ní, "Ìyàwó, láyé bàbá wa, bí àrá bá jà nílé, àwọn oníṣàngó ló máa ya wọlé, wọ́n á gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ láti fi wá ẹdùn àrá, wọ́n á tún kó ewúrẹ́ èèyàn lọ. Èyí, ọ̀pá kan ṣoṣo. Kò sì fi ọwọ́ kan sàréè."

Ìyá wa kò jẹ́ kó parí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

"Ọkọ mi, ìrun márààrún tí mo ń kí lójúmọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń tọrọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí mo sì ń tọrọ ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná kàn án nínú ilẹ̀ tó wà. Ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín ni mo ti ń tọrọ rẹ̀. Ẹ wá ní kí n fi wáyà júwe ọ̀nà fún iná ọ̀run, kó wá bá a níbi tó ti ń sinmi?"

Oníwáyà kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó ní, "Iná náà kì í jó ilẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Bí ilẹ̀ bá tutù, ńṣe ni yóò gbé e mì, yóò tú u ká, yóò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú Màmá. Bí mo bá tún ráútà gbé síbẹ̀ láìsí ọ̀pá, mo tàn yín ni. Òjò ti dé."

Alẹ́ ọjọ́ náà ìyá wa kò jẹun. Ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀: ọmọ rẹ̀ tó ń dúró de ojú rẹ̀, àti ọkọ rẹ̀ tó ń sinmi. N kò lè bá a yàn nínú wọn. Ẹ̀rù bà mí pé Jímọ̀ yóò dé, àbúrò mi yóò wo fóònù rẹ̀ títí, wọn yóò sì gbé e wọlé bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀, mo bá a lórí òkúta rẹ̀, búútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣe àlùwàlá tán, omi ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ń wo bí omi náà ti ń rìn lọ sínú koríko.

"Ọkọ mi," ló wí, kò bojú wẹ̀yìn, "níbo ni bàbá yín máa ń jókòó sí bí òjò bá ṣú?"

"Ẹnu ọ̀nà, Màmá."

"Ẹnu ọ̀nà wo?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Ẹnu ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde ni.

"Èyí."

Ó na ọwọ́ kí n fà á dìde.

"Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó sún wọlé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ rí. Pe ọmọ oníwáyà yẹn fún mi."

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ìyá wa ló fi ẹsẹ̀ júwe ibi tí kó gbẹ́, tí kò ní kan sìmẹ́ńtì. Kó tó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, ìyá wa ní kó dúró. Ó kí sàlámà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, àbíkẹ́yìn yín ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wa dúró síbẹ̀." Ó wá bu omi inú búútà sínú ihò náà, lórí èédú àti iyọ̀. Oníwáyà, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìran baba rẹ̀, bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó dúró ṣinṣin títí omi fi tán.

Ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ráútà tuntun tan, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó ti tú wáyà bàbá kékeré kúrò lójú ọ̀run, páìpù rẹ̀ kò sì tíì dé, bàbá kékeré ń kùn pé òun nìkan ni wọ́n gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, Màmá," ni oníwáyà wí, "ẹ máa bu omi síbẹ̀ kó má gbẹ."

"Ta lò ń kọ́?"

"Ẹ jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọ̀pá yìí ń ṣèrànwọ́, kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, kó tó dé ibí, méjèèjì ni kí ẹ fà yọ: okùn iná, àti wáyà tó ti òkè wá. Kò sí ohun tó dà bíi kéèyàn fà á yọ."

Jímọ̀ dé. A ti mọ́sáláṣí dé, oòrùn ń ta, mo ní ọjọ́ yóò dára. Àbúrò mi yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n ti wọ aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run fún un, wọ́n ti fi fìlà bo irun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló di fóònù mú. Ìyá wa sún mọ́ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà débi pé èémí rẹ̀ bò ó.

"Ta ló wọ irú aṣọ yìí fún ọ?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì ni, Màmá."

"Kò bá ọ mu."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Ó pe oríkì rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ìmọ́lẹ̀ yàrá yí padà. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Láti òdìkejì Màpó, nǹkan kan kù rìrì.

Ìyá wa gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ láàárín àdúrà.

"Àrá ni yẹn?" ni àbúrò mi béèrè.

"Ó ṣì jìnnà."

"Màmá, ẹ fà á yọ."

"Wọn ò tíì wá mú ọ."

"Mo mọ̀. Mo ti rí yín ná. Bó bá jó báyìí, kí lẹ máa fi rí mi bí mo bá jáde?"

N kò tíì rí ìyá wa kí ọ̀rọ̀ dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, lórí ojú ọmọ rẹ̀. Mo nawọ́ sí wáyà kí n bá a fà á, ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Bí mo bá fà á, kì í ṣe pé mo sá fún ọ," ló sọ fún àbúrò mi.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

Ó fà á yọ. Ó fa ti òkè, ó fa tiná. Àwọn iná kéékèèké náà kú. Nígbà náà ló tó mú ìró rẹ̀, ó fi bo dígí ara ògiri gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe wa, ó sì wọ́ àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ sún wọlé," ni mo wí.

Ó jókòó sórí àga náà. Mo lọ gbé àga tèmi, mo gbé e ti tirẹ̀.

Òjò náà kò ṣeé ròyìn. Òjò ń ta sí wa lẹ́sẹ̀. Ní àkókò kan, gbogbo ayé funfun, ìró náà sì bá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé pọ̀, ilé mì, páánù dún bí ẹni fi òkúta lu agogo. N kò lè sọ ibi tó bà lé. Mo rí i pé ìyá wa di ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ sì wà lára sàréè náà, níbi tí omi ti ń hó lórí koríko. Kò sí ohunkóhun tó jó. A jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Lẹ́yìn Aláásárì, nígbà tí ọ̀run ti mọ́ pátápátá, ó ní kí n fi wọ́n padà. Iná àkọ́kọ́ tàn, ìkejì tàn, ìkẹta ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wá dúró. A jókòó tì í. A kí Mọ̀gàrúbà níwájú rẹ̀, a kí Iṣáì níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn Iṣáì ni tábúlẹ́ẹ̀tì dún.

Ojú ọkọ àbúrò mi ló yọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ rí wúruwùru. "Ó ti jáde, Màmá," ló wí. "Wọ́n ní ó lọ dáadáa. Kò tíì jí." Ó yí fóònù padà. Àbúrò mi wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ pa dé, ọ̀pọ̀ wáyà lára rẹ̀. Ìyá wa kò wo ojú rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló ń wò, bí aṣọ tí wọ́n fi bò ó ti ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gòkè. Ó kàn ń wò ó.

Nígbà tí mo jí láti kí Àsùbáà, ó ti wà lórí òkúta rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù, òjò àná ṣì wà nínú koríko. Ó ti ṣe àlùwàlá tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti mọ́. Síbẹ̀ ó ti búútà náà síwájú, ó sì rọra ń da ìyókù omi inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè, sí ìdí ọ̀pá náà, títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.